Àkókò tí Akọ Ẹran Ń Wá Abo: Ọdẹ Àjọdẹ ní Igbó Àkúrẹ́ àti Oǹdó

 

Ìfáárà

Ó ṣòro kí ènìyàn sọ ìtàn Àkúrẹ́ tàbí ti Oǹdó kí ó má dárúkọ ọdẹ. Ọmọ ọba tí ìtàn ẹnu sọ pé ó ti Ilé-Ifẹ̀ wá tẹ Àkúrẹ́ dó, Ọmọrẹ̀mílẹ́kùn, ni a tún ń pè ní Àṣọdẹbóyèdé. Iṣẹ́ ọdẹ àti oyè jọ wà nínú orúkọ kan ṣoṣo náà. Ní Oǹdó, ọdún Ògún jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọdún ìlú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Olúpọ̀nà sì ti fi ìwé kan tí ó jáde ní 1991 ṣe àlàyé kíkún lórí àwọn ọdún ìlú náà. D. O. Fágúnwà, tí a bí sí Òkè-Igbó ní 1903, fi ọdẹ ṣe akọni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938.

Síbẹ̀, bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọdẹ nínú ẹ̀kọ́ wa, ìgboyà rẹ̀, oògùn rẹ̀ àti ìjálá rẹ̀ ni a sábà máa ń tẹnu mọ́. A kì í sábà bèèrè ohun tí ó ń di ọwọ́ ọdẹ mú. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò lónìí nìyí: nígbà tí ẹran bá wà ní ipò tí ó rọrùn jù lọ láti pa, èyí ni àkókò tí akọ ń wá abo tí ìfura rẹ̀ sì ti dínkù, kí ni ó ń sọ fún ọdẹ pé, “Má yìn ín”? Èrò mi ni pé ní igbó tiwa, kì í ṣe òǹkà oṣù ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì lè ṣe é. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọdẹ ni ó ń ṣe é. Ibi tí ẹgbẹ́ bá ti túká, òfin kò ní ẹni tí yóò gbé e wọ inú igbó.

Àkókò ìgùn ní ilẹ̀ òtútù àti ní igbó tiwa

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, kí tiwa lè hàn kedere. Ní Kánádà, ní Alaska àti ní Sweden, ẹran ńlá kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní moose. Akọ rẹ̀ a máa wúwo ju 500 kílò lọ, ìwo rẹ̀ sì fẹ̀ bí àtẹ́. Láti ìdajì oṣù kẹsàn-án sí ìdajì oṣù kẹwàá, akọ yìí a fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹun mọ́. Abo ni yóò máa wá kiri, yóò sì máa bá akọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Ọdẹ a fi èèpo igi ká bí ìwo, a fi ké bí abo, akọ a sì máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá ìbọn. Nítorí pé ẹran náà tóbi, ẹnì kan kò lè dá a kun, kò sì lè dá a rù. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó sábà máa ń jọ lọ.

Níwọ̀n bí àkókò yìí ti mọ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú ọdún, ó rọrùn fún ìjọba ibẹ̀ láti fi òfin yí i ká. Ní apá àríwá Sweden, wọn a máa ṣí ọdẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, wọn a sì dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ìgùn bá gbóná, kí wọ́n tó tún ṣí i. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Kánádà ẹ̀wẹ̀, àkókò ìgùn gan-an ni wọ́n fi ọdẹ sí, ṣùgbọ́n wọ́n ka iye ẹran tí a lè pa, wọ́n sì fi ìwé àṣẹ dè é. Ìlànà méjèèjì yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n dúró lé: gbogbo ènìyàn ni ó mọ oṣù tí ẹran ń gùn àti oṣù tí ó ń bí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ ní igbó Ìdànrè, ní igbó ọba Àkúrẹ́-Ọ̀fọ̀sù tàbí ní igbó Ọ̀wọ̀. Àgbọ̀nrín, ẹran aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tí ìlà àti àmì funfun wà lára rẹ̀, kò ní oṣù kan pàtó tí ó fi ń gùn. Oyún rẹ̀ ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Ẹtu, tí kò tóbi ju ewúrẹ́ kékeré lọ, a máa gbé ní takọtabo lórí ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì ti sọ di tiwọn. Wọn a máa fi omi tí ó ń sun lábẹ́ ojú wọn pa igi àti ewé láàlà, wọn a sì máa fi pa ara wọn lójú. Ọ̀yà a máa lóyún fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, ó sì lè bí ní ìgbàkígbà láàárín ọdún. Nítorí náà, kò sí òru kan tí ọdẹ lè wọ igbó wa tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé abo tí yóò pàdé kò lóyún, tàbí pé kò fi ọmọ pamọ́ sábẹ́ ewé.

Èyí ni ó mú ọ̀rọ̀ tiwa le. Bí àgbẹ̀ bá jẹ èèbù iṣu rẹ̀, ọdún tí ń bọ̀ ni ebi yóò bi í léèrè. Àgbẹ̀ sì mọ̀ nígbà tí ó ń jẹ èèbù, torí èèbù wà lọ́tọ̀ nínú abà. Ọdẹ igbó tiwa kò ní abà tí a ti pín sí méjì. Inú agbọ̀n kan náà ni èèbù àti iṣu jíjẹ wà, òkùnkùn sì ṣú bò wọ́n.

Ìpè tí ẹran ń jẹ́

Ọgbọ́n fífi ohùn tan ẹran kì í ṣe ti ilẹ̀ òtútù nìkan. Ní igbó Kamẹrúùnù àti ti Kóńgò, ọdẹ a fi ìka di imú rẹ̀, a ké ní ohùn tí ó jọ ti ẹtu kékeré, ẹtu tí ó bá gbọ́ ọ a sì yọ jáde láti inú igbó. Fágúnwà náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ sílẹ̀. Nínú àwọn tí ó bá Àkàrà-Oògùn lọ sí Òkè Lángbòdó, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀ ọ́n ṣe: Kàkò ní kùmọ̀, Efòìyè jẹ́ tafàtafà, Ìmọ̀dòye jẹ́ ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn orin, Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ sì gbọ́ èdè ẹranko. Ó yẹ kí a fiyè sí i pé òǹkọ̀wé náà kò kó gbogbo ẹ̀bùn wọ̀nyí lé ọdẹ kan ṣoṣo lórí. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ẹranko nílò ẹni tí ó mọ ìgbà tí kò yẹ kí a pa wọ́n.

Ìjálá pẹ̀lú jẹ́ àká ìmọ̀ yìí. Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tí ó jáde ní 1966 lórí ìjálá ti jẹ́ kí ayé mọ̀ pé kì í ṣe òrìṣà àti ènìyàn nìkan ni àwọn ọdẹ ń kì. Wọ́n ń ki ẹranko àti igi pẹ̀lú. Bí ẹran ṣe ń rìn, bí awọ rẹ̀ ṣe rí, ohun tí ó ń jẹ àti ìwà tí ó ń hù, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú oríkì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ki ẹran kí ó tó jẹ ẹ́ ti gbà pé ẹran náà ní ìran, àti pé ìran náà kò gbọdọ̀ parun. Bí ọdẹ kò bá tilẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba, oríkì ti sọ ọ́ fún un.

Ìdí tí ọdẹ fi ń wá ẹnìkejì

Ẹnì kan lè bi mí pé, bí ẹtu kò bá wúwo, kí ni ọdẹ wa ń fi ẹlẹgbẹ́ ṣe? Ẹnì kan lè gbé ẹtu kọ́ èjìká dé ilé. Òótọ́ ni. Ewu ni ó ń fa àjọdẹ ní igbó tiwa, ewu tí ó sì pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ejò tàbí ti efọ̀n. Ewu ìbọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ ẹni ni.

Ẹ fojú inú wo òru tí kò sí òṣùpá, nítorí òru bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ fẹ́. Ewé mì. Ohùn kan dún bí ohùn akọ tí ń wá abo. Ó lè jẹ́ ẹran. Ó sì lè jẹ́ ọdẹ mìíràn tí ó ń fi ohùn tan ẹran, tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tí kò sì fẹ́ kí a rí òun. Bí ó ti mọ ìpè ẹran tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu tó. Ìròyìn ọdẹ tí ó ṣèèṣì yìnbọn pa ọ̀rẹ́, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, tí ó rò pé ẹran ni, kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ilé méjì ni ó ń tú: ilé ẹni tí ó kú àti ilé ẹni tí ó yìnbọn.

Nítorí èyí ni àwọn ọdẹ tí ó ń jáde pọ̀ ṣe ń pín igbó kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Wọn a sọ ẹni tí yóò gba apá odò, ẹni tí yóò gba apá oko, àti ibi tí wọn yóò ti pàdé kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn a mọ fèrè ara wọn. Nígbà tí àwọn àgbà wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ajá ni wọ́n dárúkọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kan ènìyàn ju ajá lọ.

Ìlànà kan wà nínú gbogbo ètò yìí tí ó ṣe pàtàkì jù: ojú tí ó tàn nínú ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ẹran. Ojú lásán ni. Ọdẹ gbọ́dọ̀ rí ọrùn, kí ó rí èjìká, kí ó mọ ohun tí ó ń wò kí ìka rẹ̀ tó kan ìbọn. Ìlànà yìí ń dáàbò bo ọdẹ ẹlẹgbẹ́ ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òun kan náà ni ó ń dáàbò bo abo ẹran. Ẹni tí ó dúró títí tí ó fi rí èjìká yóò rí ikùn pẹ̀lú. Yóò rí bóyá ìwo wà lórí àgbọ̀nrín náà, nítorí akọ nìkan ni ó ń hùwo. Sùúrù tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn là ni ó gba ẹ̀mí ọmọ inú ẹran là. Èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ pé ẹgbẹ́ ni òfin wa.

Ògún, ìpín ẹran àti ẹ̀rí

Ẹgbẹ́ ọdẹ kò dúró lórí ìfẹ́ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ lásán. Ó ní olórí, ó ní ìpàdé, ó sì ní Ògún tí gbogbo wọn ń bọ. Ìbúra lórí irin wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ ìjọba pàápàá fi gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò ṣípà rẹ̀, tí wọn yóò sun ìrèmọ̀jé. Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Bádé Àjùwọ̀n tí ó jáde ní 1982 ti fi bí ètò ìkẹyìn yìí ti jinlẹ̀ tó hàn wá. Ọdẹ tí ó mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ni yóò ròyìn òun lẹ́yìn ikú yóò ṣọ́ bí ó ti ń rìn lójú wọn.

Ìpín ẹran náà jẹ́ ẹ̀rí. Òwe wa sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ fún ènìyàn jẹ, bí ìyà náà ti wù kí ó pọ̀ tó. Bí a bá ń pín ẹran ní gbangba, gbogbo ojú ni ó ń rí ohun tí a pa. Bí ọdẹ bá la ikùn abo tí oyún sì wà níbẹ̀, kò lè fi í pamọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń kun ún. Bákan náà ni ẹni tí ó pa ẹkùn ní ayé àtijọ́ kò gbọdọ̀ dá a gbé wọlé. Ọ̀dọ̀ ọba ni yóò gbé e lọ.

Ohun tí ó yí padà

Mẹ́ta ni mo fẹ́ tọ́ka sí nínú àwọn ohun tí ó tú okùn yìí.

Èkínní ni ọjà. Títì tí ó gba Oǹdó lọ sí Ọ̀rẹ̀, àti èyí tí ó gba Ọ̀rẹ̀ lọ sí Èkó àti sí Benin, sọ ẹran ìgbẹ́ di ọjà tí a gbé kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹran tí a ó tà kò nílò ẹlẹgbẹ́ tí yóò bá wa pín in. Nígbà náà, ẹnìkejì di ẹni tí ń dín owó kù, ọdẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ. Bí ó ti dá lọ ni ojú tí ń wò ó ṣe kúrò lára rẹ̀.

Èkejì ni iná. Àtùpà ọdẹ àtijọ́ kò mọ́lẹ̀ jìnnà, nítorí náà ọdẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran. Iná orí ti òde òní ń tàn jìnnà, ojú ẹran ni ó sì kọ́kọ́ ń fi hàn. Ẹni tí ó ń kánjú yóò yìnbọn sí ojú tí ó tàn.

Ẹ̀kẹta ni igbó fúnra rẹ̀. Kòkó, igi gẹdú àti oko tuntun ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú igbó ọba tí a pààlà rẹ̀ ní ayé àwọn Òyìnbó. Ìwádìí tí Elizabeth Greengrass tẹ̀ jáde ní 2009 kìlọ̀ pé ìnàkí ti súnmọ́ píparun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Láti 2020 ni ìpínlẹ̀ Oǹdó àti àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mìíràn ti dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdẹ sì wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn ajínigbé tí ó sọ igbó di ibùba. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a fún ẹ̀ṣọ́ náà jẹ́ orúkọ ẹranko tí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò fojú rí rí nínú igbó bàbá wọn.

Òfin ìwé àti òfin ẹgbẹ́

Kì í ṣe pé ìjọba kò ṣòfin. Ìpàdé àdéhùn ti Lọ́ńdọ́nù ní 1933 wáyé lórí ẹranko àti igbó ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1968, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fúnra wọn ṣe àdéhùn tiwọn ní Algiers, wọ́n sì ka ọdẹ òru mọ́ ohun tí ó yẹ kí a fòfin dè. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe òfin lórí òwò ẹranko tí ó fẹ́ run ní 1985, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016.

Òfin wọ̀nyí kò burú. Àbùkù wọn ni pé wọ́n dá lórí ohun tí aṣọ́gbó lè rí lójú ọ̀nà: ẹran tí ó ti kú, tí a ti yan. Kò sí aṣọ́gbó tí ó wà níbẹ̀ ní aago méjì òru nígbà tí ọdẹ gbé ìbọn sókè tí ó ń rò ó bóyá kí ó yìn ín. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó lè wà níbẹ̀. Bí a bá sì sọ pé kí a ya oṣù mélòó kan sọ́tọ̀ bí ti Sweden, oṣù wo ni a ó yà, nígbà tí abo kò dẹ́kun oyún ní oṣù kankan?

Àwọn kan yóò wí pé mo ń fi ayé àtijọ́ ṣe ẹwà. Wọn yóò rán mi létí pé àwọn baba wa náà pa erin, wọ́n pa efọ̀n, ẹgbẹ́ wọn kò sì dá wọn dúró. N kò jiyàn. Ẹgbẹ́ tí ó ní òfin lè fi òfin náà ṣe ibi bí ó ti lè fi ṣe rere, pàápàá nígbà tí eyín erin ń mú owó ńlá wá. Ohun tí mo ń sọ kéré ju ìyìn lọ: bí a bá fẹ́ kí ìkóra-ẹni-níjàánu wà nínú igbó, kò sí ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà dé ibẹ̀ bí kò ṣe pẹ̀lú àwọn tí ń lọ síbẹ̀.

Àbá

Mo dá àbá mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ìpínlẹ̀ Oǹdó má ṣe fi ìwé àṣẹ ọdẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lásán, ṣùgbọ́n kí ó fi í fún ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú, kí ẹgbẹ́ sì máa dáhùn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Èkejì, kí a fi òfin méjì péré lélẹ̀ tí ọdẹ fúnra rẹ̀ lè gbà: kí a má ṣe pa àgbọ̀nrín tí kò níwo, kí a má sì yìnbọn sí ojú tí a kò rí ara rẹ̀. Èkínní ń gba ẹran là, èkejì ń gba ènìyàn là, kò sì sí ọdẹ tí kò mọ ìdí wọn. Ẹ̀kẹta, kí a mú ọjà kúrò lọ́rùn igbó. Ní orílẹ̀-èdè Benin, láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń fi ètò kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ti ń sin ọ̀yà nínú ilé. Ẹni tí ó ń sin ọ̀yà mọ ọjọ́ tí abo gbà akọ, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò bí. Òun nìkan ni ó ní abà tí èèbù wà lọ́tọ̀.

Iṣẹ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni láti gba ìmọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ sílẹ̀: àkókò tí wọ́n ti rí oyún nínú ẹran kọ̀ọ̀kan, oríkì ẹran tí kò sí nínú ìwé, àti àwọn èèwọ̀ tí wọ́n jogún. Kí a kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí àwọn tí ó sọ ọ́ lè gbọ́ ọ bí a bá kà á padà fún wọn, kí wọ́n sì lè wí pé, “Ẹ kò gbọ́ èyí dáadáa.”

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí mo ti gbìyànjú láti fi hàn ni pé igbó wa kò ní ìgbà ìgùn kan tí a lè fi òǹkà oṣù dè, àti pé fún ìdí èyí, ojú ọdẹ àti ojú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí òǹkà oṣù ń ṣe ní ilẹ̀ òtútù. Ọ̀rẹ́ tí ó bá ọdẹ jáde ni aṣọ́ rẹ̀, ni ẹlẹ́rìí rẹ̀, ni ó sì ń dá a lọ́wọ́ kọ́. Bí a bá jẹ́ kí ọjà sọ ọdẹ di adálọ, a ó ṣe òfin lórí òfin, igbó yóò sì dákẹ́ títí akọ yóò fi pe abo tí kò ní dá a lóhùn.